Iná inú ara, iná inú wáyà: kí ni ẹnjiníà ń wá nídìí ọkàn èèyàn?

Ìyá kan ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi:

"Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mọ̀nàmọ́ná ló ń kọ́. Èmi ti rò pé iléeṣẹ́ tẹlifóònù tàbí ti iná ló máa bá ṣiṣẹ́ tó bá jáde. Àfi bó ṣe délé tó ní ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn èèyàn ṣiṣẹ́ lòun fẹ́ máa ṣe. Ó fi fọ́tò kan hàn mí lórí fóònù, ẹ̀rọ kan tí kò tó horo ìrẹsì. Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, pé ó ń mú ọkàn lù, pé tó bá parí iṣẹ́ á yọ́ sínú ara. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló kan ẹnjiníà kan ọkàn? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ dókítà nìyẹn? Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ fẹsẹ̀ kan síbí, fẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún."

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Òótọ́ lọmọ yín sọ, ó kàn fi epo àti iyọ̀ díẹ̀ sí i ni. John Rogers lorúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà, Northwestern University nítòsí Chicago ló ti ń ṣiṣẹ́. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature. Mílímítà 3.5 ni gígùn ẹ̀rọ náà, 1.8 ni fífẹ̀ rẹ̀, nínípọn rẹ̀ ò sì ju 1 lọ. Ibi tí epo àti iyọ̀ wà rèé: ara ẹranko, àti ọkàn tí àwọn olóògbé fi sílẹ̀ fún ìwádìí, ni wọ́n ti dán an wò nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde yẹn. Wọn ò fi í sára èèyàn alààyè níbẹ̀. Kò sì wà fún ẹni tó máa gbé pacemaker, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù déédéé, kiri títí ayé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ni wọ́n ń rò, tí ọkàn rẹ̀ nílò àtìlẹ́yìn fún ọjọ́ mélòó kan péré, àgàgà ọmọ ìkókó tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù ọkàn. Màá padà sórí ẹ̀rọ yẹn láìpẹ́.

Ìbéèrè yín kejì ló dùn mọ́ mi jù. Kí ló kan ẹnjiníà kan ọkàn? Iná ló kàn án. Mi ò fi ṣe àfiwé o, iná gan-an ni mò ń wí, irú èyí tó ń tan gílóòbù. Bẹ́ ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ibì kan wà lókè ọkàn yín lápá ọ̀tún tó ń fi iná ránṣẹ́ sí gbogbo ẹran ọkàn, pé ó yá, ẹ fún. Ẹran ọkàn gbọ́, ó fún, ẹ̀jẹ̀ lọ. Tí ìránṣẹ́ yẹn ò bá dé, ọkàn ò ní lù, bó ti wù kó lágbára tó.

Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn èèyàn ti ń fura sí èyí. Ní Bologna ní Ítálì, Luigi Galvani rí i pé itan àkèré tó ti kú, tó ti gé kúrò lára, ṣì ń ta kìjí tí irin bá kàn án. Ó kọ ọ́ síwèé ní ọdún 1791, ó ní iná wà nínú ẹran ara. Alessandro Volta ní irọ́ ni. Ó ní inú irin ni iná ti wá, nígbà tí oríṣi irin méjì bá pàdé nínú nǹkan tó tutù. Àkèré yẹn kàn jẹ́ nǹkan tó tutù lásán ni. Kó lè bo Galvani mọ́lẹ̀, ó to oríṣi irin méjì lérí ara wọn, ó ń fi nǹkan tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn, iná sì ń jáde níbẹ̀. Ọdún 1800 ló kéde rẹ̀. Bátìrì àkọ́kọ́ láyé nìyẹn, àríyànjiyàn lórí itan àkèré ló bí i. Àwọn méjèèjì ló sì jàre. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé irin méjì nínú omi iyọ̀ yẹn, ó ṣì ń bọ̀.

Ibo wá ni iná inú ara ti ń wá? Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló ní awọ tó tínrín gan-an, bíi nánómítà 5. (Tẹ́ ẹ bá pín mílímítà kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni nánómítà.) Lára awọ yẹn, àwọn ẹ̀rọ tíntìntín kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju pé kí wọ́n máa lé iyọ̀ sódíọ̀mù 3 síta, kí wọ́n máa fa pọtáṣíọ̀mù 2 wọlé, tọ̀sán tòru. Ohun tó ń bọ̀ síta pọ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ, pọtáṣíọ̀mù náà sì tún ń rọra jò padà síta, ni inú bá wà ní òdì (negative), tí ìta wà ní rere (positive), bí ẹnu méjèèjì bátìrì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lára fọ́nrán iṣan (okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn káàkiri ara) tó ń sinmi tó nǹkan bíi mílífólítì 70. Ẹ lè ní ìyẹn ò tó nǹkan, nígbà tí bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré pàápàá ní mílífólítì 1,500. Àmọ́ ẹ rántí bí awọ náà ṣe tínrín tó. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ó sí mítà kan, ó ju mílíọ̀nù 10 fólítì lọ. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè wa yìí, tó bá ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 fólítì sí mítà kan, ó ti sán nìyẹn. Ohun tí sánmà ò lè gbà mọ́ra, sẹ́ẹ̀lì yín ń gbé e kiri láìmira.

Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, ṣírò bí iná yẹn ṣe ń rìn lójú fọ́nrán iṣan. Ẹ̀dá inú òkun kan tí wọ́n ń pè ní squid ni wọ́n fi ṣe é, torí fọ́nrán rẹ̀ kan nípọn tó láti ki wáyà bọ̀. Àwòrán tí wọ́n yà láti fi ṣàlàyé rẹ̀, sákíìtì iná ni: kapásítọ̀ tó ń tọ́jú iná pamọ́, rẹsísítọ̀ tó ń dín iná kù, bátìrì. Tẹ́ ẹ bá gbé e síwájú ọmọ yín láìsọ ohun tó jẹ́, á sọ fún yín pé sákíìtì ni, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi rí i bí ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ kan síbí, fẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún.

Níbo wá ni iṣẹ́ wà? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iná ara àti iná wáyà ò gbọ́ èdè ara wọn. Nínú wáyà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń gbé iná, ó ń sáré nínú irin gbígbẹ. Nínú ara, áyọ́ọ̀nù ló ń gbé e, ìyẹn iyọ̀ tó ti yọ́, ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ò lè dá nìkan bọ́ sómi kó máa lọ, bẹ́ẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù ò lè wọnú wáyà. Ibi tí irin ti kan ara, ààlà ilẹ̀ méjì ni, èèyàn sì nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. Ògbufọ̀ yẹn là ń pè ní ẹlẹ́kítíróòdù. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí làwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bíi Rogers ń fi gbogbo ayé wọn ṣe, màá ní wọ́n ń kọ́ ògbufọ̀ ní iṣẹ́ ni.

Bóyá ẹ ti ṣe àyẹ̀wò ọkàn rí, èyí tí wọ́n ń pè ní ECG, tí wọ́n lẹ àwọn nǹkan roboto mọ́ yín láyà. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tutù, ó máa ń yọ̀ bọ̀rọ́. Fàdákà ló wà láàárín rẹ̀, wọ́n fi fàdákà kíláráìdì bò ó lójú, wọ́n wá fi jẹ́ẹ̀lì oníyọ̀ sí i. Iyọ̀ inú jẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe pàṣípààrọ̀ yẹn: áyọ́ọ̀nù kíláráìdì dé, ó so mọ́ fàdákà, fàdákà tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sílẹ̀, wáyà gbé e lọ. Bí iná ara ṣe ń di iná ẹ̀rọ nìyẹn, lójú nǹkan tí nọ́ọ̀sì máa já sọnù lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ èyí lọ́nà tó dójú tì mí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo ṣe ampilifáyà kan, ẹ̀rọ tó ń sọ iná kékeré di ńlá, láti fi wo ọkàn ara mi. Mo lẹ nǹkan roboto mẹ́ta mọ́ àyà, mo tan ẹ̀rọ, ohun tí mo rí lójú rẹ̀ jẹ́ bẹ́líìtì fífẹ̀ kan tó ń gbọ̀n rìrì. Inú mi dùn, mo rò pé ọkàn mi ni. Iná ògiri ni. Wáyà iná tó wà nínú ògiri ń yí padà nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ara mi sì ń gbà á bí ẹ̀rọ rédíò ṣe ń gba ohùn. Mo tú sákíìtì, mo tún un tò, mo pààrọ̀ rẹsísítọ̀, mo pààrọ̀ ṣíìpù, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Bàbá tó ń tọ́jú irinṣẹ́ yàrá ìwádìí náà wá wò mí, ó wo àyà mi, kò tiẹ̀ wo sákíìtì. Ó ṣí ọ̀kan lára àwọn nǹkan roboto náà, ó fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn. Ó ti gbẹ. Wọn ò pa ẹnu ọ̀rá rẹ̀ dé láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fi òwú àti ọtí nu ara mi, ó lẹ tuntun mọ́ ọn. Bẹ́líìtì yẹn sún kì, ó di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Òkè kékeré kan yọ, ṣóńṣó gíga kan tẹ̀ lé e, òkè mìíràn tó rọra wálẹ̀, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣóńṣó yẹn ò ju nǹkan bíi mílífólítì 1 lọ. Mo jókòó, mò ń wo ọkàn mi. Bàbá náà ní, "Awọ ara ni kó o kọ́kọ́ máa wò."

Willem Einthoven, dókítà ará Netherlands tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1924 nítorí ECG, ní irú ògbufọ̀ tirẹ̀: garawa omi iyọ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi kílò 270, èèyàn márùn-ún ló ń tukọ̀ rẹ̀. Aláìsàn á jókòó, á ki ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ òsì bọ inú omi iyọ̀, irin á wà nínú omi náà. Jẹ́ẹ̀lì òní ni garawa ọjọ́ yẹn, wọ́n kàn ti sún un kì ni.

Gbígbọ́ ohun tí ara ń sọ nìyẹn. Kí èèyàn dá ara lóhùn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Wilson Greatbatch, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ń ṣe sákíìtì tó máa gba ohùn ọkàn sílẹ̀. Ó nawọ́ sínú àpótí kó mú rẹsísítọ̀ 10,000 ọ́ọ̀mù, ó ṣèèṣì mú ti mílíọ̀nù 1. Nígbà tó tan sákíìtì, ó lù fún ìwọ̀nba tó kéré gan-an, ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tún lù, ó tún dákẹ́. Ẹlòmíì á yọ rẹsísítọ̀ náà, á máa bínú. Òun dúró wò ó, ó mọ̀ pé bí ọkàn ṣe ń lù nìyẹn. Ní ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tó ṣe sínú èèyàn.

Àmọ́ wọ́n ti ṣáájú rẹ̀ ní Sweden. Ọkùnrin kan wà ní Stockholm, Arne Larsson lorúkọ rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ń dúró lójoojúmọ́, tí wọ́n ń jí i padà lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ìyàwó rẹ̀, Else-Marie, ló gbọ́ pé dókítà Åke Senning àti ẹnjiníà Rune Elmqvist ń ṣe nǹkan kan, ó sì ń lọ bá wọn, ó ń bọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn ò tíì tó fi sára èèyàn. Ó ní ẹ lọ ṣe é. Elmqvist da gọ́ọ̀mù líle bo sákíìtì rẹ̀ nínú agolo pólíìṣì bàtà, torí òun ló bá a mu ní ìwọ̀n. Ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1958 ni wọ́n fi sínú Larsson. Wákàtí mélòó kan ló lò, ó kú. Ẹ̀rọ náà ni o, kì í ṣe Larsson. Wọ́n fi òmíràn sí i. Ẹ̀rọ 26 ló lò láyé rẹ̀, ó dàgbà di ẹni ọdún 86, ọdún 2001 ló tó kú. Elmqvist ti ṣáájú rẹ̀ kú, Senning náà ti ṣáájú rẹ̀ kú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi ta ló gba Larsson là nínú dókítà àti ẹnjiníà. Èmi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìyàwó rẹ̀ ni mo sì máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Kí ló wá kù tí Rogers ń ṣe? Líle. Ara rọ̀, ó tutù, kì í dúró sójú kan. Sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń ṣe ṣíìpù le, ó gbẹ, ó máa ń fọ́ bíi gíláàsì. Ó le ju ọpọlọ èèyàn lọ ní ìlọ́po tó ju mílíọ̀nù lọ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fi nǹkan tó le bẹ́ẹ̀ sínú nǹkan tó rọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí ara bá mira lá máa gún un. Ara ò ní gbà. Á hun àpá yí i ká, bó ṣe ń hun àpá yí ẹ̀gún ká, ògbufọ̀ ò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn àpá yẹn.

Ọgbọ́n tí Rogers lò rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Kò wá nǹkan mìíràn rọ́pò sílíkọ́ọ̀nù, ó sọ ọ́ di tínrín ni. Tẹ́ ẹ bá dín nínípọn nǹkan kù sí ìdajì, ìlọ́po mẹ́jọ ló máa fi rọrùn láti tẹ̀. Sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń ṣe ṣíìpù nípọn tó ìdajì mílímítà. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di nánómítà 100, ó ti tínrín sí i ní ìlọ́po 5,000. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín ṣírò ìyókù: ó rọrùn láti tẹ̀ sí i ní ìlọ́po tó ju bílíọ̀nù 100 lọ. Gíláàsì ti di bébà nìyẹn. Àwọn wáyà tó so wọ́n pọ̀, ó yà wọ́n kọ́rọkọ̀rọ bí ejò tó ń rìn, kí wọ́n lè nà nígbà tí awọ ara bá nà. Ní ọdún 2011, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ hàn tó lẹ̀ mọ́ awọ ara bí àwòrán tí àwọn ọmọdé máa ń fi omi lẹ̀ mọ́ apá, tó sì ń ka ọkàn, ọpọlọ àti iṣan. Ní ọdún 2019, wọ́n lo irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé. Ẹ̀yin ìyá lẹ máa mọ ìwúlò èyí jù mí lọ: wáyà máa ń pọ̀ lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ débi pé ìyá ò lè gbé e sáyà, awọ rẹ̀ sì ṣẹlẹ́gẹ́, téèpù lè bó o. Ẹ̀rọ tuntun yẹn ò ní wáyà, ó sì rọra lẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yíyọ́ wá ńkọ́? Ní gbogbo ọdún tá a ti ń fi ẹ̀rọ sínú ara, ẹ̀rù tó ń bà wá ni pé kí omi ara má jẹ ẹ́. Ní ọdún 2012, Rogers pẹ̀lú Fiorenzo Omenetto ti Tufts University àti àwọn mìíràn yí ìbẹ̀rù yẹn padà: bí sílíkọ́ọ̀nù bá tínrín tó, omi ara á jẹ ẹ́ tán pátápátá, bí wáyà rẹ̀ bá jẹ́ magnésíọ̀mù, òun náà á lọ, ohun tó ṣẹ́kù kéré débi pé ara á gbé e dànù. Ẹ̀rọ tó mọ ọjọ́ tó máa kúrò.

Ẹ wá wo pacemaker inú fọ́tò yẹn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn, àwọn dókítà máa ń rán wáyà mọ́ ọkàn, wọ́n á fa ẹnu rẹ̀ jáde láti àyà, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ tó wà níta. Tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á fà á yọ. Nígbà míì ara ti hun àpá mọ́ ọn, fífà yẹn á sì ya nǹkan. Neil Armstrong, ẹni àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, ìròyìn tó jáde ní ọdún 2019 sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n fa irú wáyà bẹ́ẹ̀ ló fà á tó fi kú ní ọdún 2012. Ti Rogers ò ní wáyà, kò ní ohun tí wọ́n máa fà. Kò tiẹ̀ ní bátìrì tí ẹ lè tọ́ka sí. Oríṣi irin méjì ló wà lára rẹ̀, omi ara oníyọ̀ sì wà láàárín wọn. Ẹ ti mọ̀ ọ́n: bátìrì Volta nìyẹn, inú ara èèyàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà níta, tó ń ṣọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Tí ọkàn bá ṣìṣe, á tan ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú wa ò lè rí, ìmọ́lẹ̀ náà á gba inú ẹran ara kọjá, á ṣí súwíìṣì kan tí kì í ṣí àfi tó bá rí ìmọ́lẹ̀, iná á sì lọ sínú ọkàn. Nígbà tó bá yá, gbogbo rẹ̀ á yọ́. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín ni mo rín. Àríyànjiyàn Galvani àti Volta ti parí sínú ọkàn kan ṣoṣo.

Rogers nìkan kọ́ ni o. Ní ọdún 1970, Piet Bergveld ní Twente ní Netherlands mú tiransísítọ̀, ìyẹn súwíìṣì tíntìntín inú ṣíìpù, ó yọ irin tó wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ki ojú ibẹ̀ bọ omi, áyọ́ọ̀nù inú omi wá ń darí iná inú rẹ̀. Chris Toumazou, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Imperial College London, tó jẹ́ pé sákíìtì tí kì í jẹ iná púpọ̀ ló mú un gbajúmọ̀, yí sí ìṣègùn nígbà tí kíndìnrín ọmọ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ó lo irú tiransísítọ̀ Bergveld láti ka DNA, ìwé ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ pé lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́: A, C, G àti T. Tí DNA bá ń kọ́ ara rẹ̀, gbogbo lẹ́tà tó bá fi kún un ló máa ń tú áyọ́ọ̀nù háídírójìn kan sílẹ̀. Ẹ da lẹ́tà A sí i: tí omi bá kan díẹ̀ sí i, A ló wà níbẹ̀. Tí kò bá kan, ẹ ṣàn án dànù, ẹ da C sí i. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ ẹ̀rọ ńlá àti ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ṣíìpù ń ṣe. Ní ọdún 2011, irú ọ̀nà yìí ni àwọn mìíràn fi ka gbogbo DNA Gordon Moore, ọ̀kan nínú àwọn tó dá iléeṣẹ́ ṣíìpù Intel sílẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí ọmọ yín mọ nǹkan kan tí wọn kì í sáábà kọ́ wa nínú kíláàsì. Ẹ mọ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń fi há aláìsàn ní ìka láti mọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe tó? Takuo Aoyagi ní Japan ló ronú kàn án, ní ọdún 1974 sì ni ó kọ́kọ́ fi í hàn. Ìmọ́lẹ̀ pupa àti infrared ló ń tàn gba inú ìka kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn kì í gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì tó èyí tí kò ní. Ọgbọ́n tó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú awọ dúdú náà máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ní ọdún 2020, àwọn dókítà ní Michigan fi èyí tí ẹ̀rọ ń kà wé èyí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ gan-an yẹ̀ wò. Láàárín àwọn tí ẹ̀rọ kà pé ọ́síjìn wọn jẹ́ 92 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn pé kò sí ewu, àwọn kan wà tí tiwọn ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 88. Nínú àwọn aláwọ̀ funfun, 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú, 11.7. Ọ̀pọ̀ ọdún la ti ń lo ẹ̀rọ yìí ní gbogbo ilé ìwòsàn ayé. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ nínú sákíìtì rẹ̀. Awọ tí wọ́n fi dán an wò ni kò pé oríṣiríṣi. Inú máa ń bí mi tí mo bá ń sọ ọ́, torí ẹnjiníà ni wá, àwa ló yẹ ká béèrè.

Ní báyìí, kí ọmọ yín ṣe kí ni? Kò ní láti di dókítà. Nínú ẹgbẹ́ tó ṣe pacemaker kékeré yẹn, Igor Efimov, onímọ̀ nípa ọkàn, wà níbẹ̀. Rogers ò dá a ṣe. Ohun tó nílò ni kó lè bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n yé ara wọn. Èrò tèmi ni pé kó parí ìmọ̀ ẹ̀rọ iná tó ń kọ́ yìí dáadáa kó tó yí sí ti ìṣègùn. Mo ti rí àwọn tó sáré wọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n mọ díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, tí sákíìtì kan ò sì lè ti ọwọ́ wọn jáde. Ìbẹ̀rù yín yẹn, àwọn ló bá mu. Tí àyè bá wà, kó gba kíláàsì kan nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ àti kẹ́mísírì, èyí tó dá lórí irin nínú omi iyọ̀ ni kó wá jù. Kó fọwọ́ pàtàkì mú òfin ààbò, torí ohun tí kò lè pa èèyàn látòkè awọ lè pa á tó bá dé ọkàn. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IEC 60601 sọ pé iná tó ń jò lára ẹ̀rọ tó kan ọkàn tààrà ò gbọ́dọ̀ ju máíkíróámpíà 10 lọ nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Gílóòbù kékeré kan ń gbà ju ìyẹn lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po.

Iṣẹ́ ìwádìí ọdún ìkẹyìn rẹ̀ sì ń bọ̀. Ẹ ní kó ṣe ampilifáyà ECG, kó sì fi ọkàn ẹ̀yin ìyá rẹ̀ hàn yín lójú ẹ̀rọ. Bátìrì ni kó fi ṣe é o, kó má so ó mọ́ iná ògiri rárá tó bá wà lára èèyàn. Tó bá sì tàn án, tó rí bẹ́líìtì fífẹ̀ tó ń gbọ̀n rìrì, kó má tíì tú sákíìtì. Kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀lì yẹn wò bóyá ó ti gbẹ.